Àlàájì Tó Na Díákónì Ló Pe Díákónì Lẹ́jọ́

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Yorùbá ní Yantala, ní ìlú Niamey, lánàá. Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé òkèlè mì kí ẹ tó gbọ́ ọ, kó má baà há yín lọ́fun. Ẹni tó na ènìyàn ló fẹjọ́ ẹni tí wọ́n nà sùn.

Àlàájì Nùrẹ́nì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta gínnì àti àǹkárá, ni olùpẹ̀jọ́. Adékànmí, káfíńtà, tí í ṣe díákónì ní ìjọ Onítẹ̀bọmi, ni olùjẹ́jọ́. Agbo ilé kan náà làwọn méjèèjì ń gbé. Ẹ̀yìn Adékànmí ṣì ń ta á, kò lè fara ti àga, síbẹ̀ ara rẹ̀ balẹ̀. Àlàájì ló ń gbọ̀n.

Ààfin náà kì í ṣe ààfin rẹpẹtẹ. Yàrá ńlá kan ni, tó ní ilẹ̀kùn onígi kan àti fèrèsé méjì tó ga ju orí ènìyàn lọ. Wọ́n ti lẹ àwòrán àwọn tó ń du ipò ààrẹ mọ́ ògiri ìta, ẹgbẹ́ òṣèlú kan lórí òmíràn. Baálẹ̀ ní kí ẹnikẹ́ni má ya á, ó ní ó ń bo ibi tí sìmẹ́ǹtì ti ń ṣí. Lábẹ́ àwọn àwòrán wọ̀nyí lánàá, èrò pọ̀ bí eéṣú, Yorùbá, Zarma àti Haúsá, gbogbo wọn na etí.

Mọ́rìlíátù, ìyàwó Àlàájì, jókòó láàrin àwọn obìnrin nínú yàrá, ó fi ìbòrí bo ẹnu. Ohun kan wà tí òun àti ọkọ rẹ̀ nìkan mọ̀ láàrin gbogbo àgbà tó wà níbẹ̀. Ó ti bẹ Ọlọ́run láti àárọ̀ pé kí wọ́n má bi òun.

"Àlàájì," ni Baálẹ̀ wí, "kí ni Díákónì fi ṣe ọ́?"

"Kí ẹ̀mí Baálẹ̀ gùn. Ó bà mí lórúkọ jẹ́."

"Báwo?"

"Ó jẹ́ kí n na òun."

Ọ̀tún Àmúdà, tó dàgbà jù nínú ìgbìmọ̀, fi ìka ro etí. "Àlàájì, tún un wí."

"Ó jẹ́ kí n na òun! Ó bọ́ ẹ̀wù, ó kúnlẹ̀ síwájú ìsọ̀ mi, ó ní kí n má ṣojú àánú. Gbogbo Yantala dúró. Ọlọ́kadà dúró. Ẹni tó ń lọ kírun dúró. Kí ni kí n ṣe?"

"O lè má nà án," ni Ìyálóde Hàfísátù wí.

"Ìyálóde, ẹ ò sí níbẹ̀. Nígbà tí èrò bá ti pé lé ọkùnrin tó mú ọ̀pá lọ́wọ́, ọ̀pá náà kì í ṣe tirẹ̀ mọ́."

"Kí ló fà á ná?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Ọmọ rẹ̀ obìnrin yìí ni, Ìmọ̀olúwa. Mo tẹ́ gínnì funfun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù fún mi sórí tábìlì. Kí n tó kírun tán, ọmọ yìí ti mú àlùmọ́gàjí, ó ti gé e. Ẹ bi mí pé níbo ló ti gé e."

"Níbo?"

"Láàrin! Ká ní etí ló ti gé e, ǹ bá tà á ní àgékù. Àárín gbùngbùn ni, Baálẹ̀! Ihò tó orí màlúù!"

Àwọn obìnrin mí kanlẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ aṣọ, kò sí ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ etí sí àárín.

"Adékànmí ti gba aṣọ náà, ó ti san án tán. Ìyẹn kọ́ lẹjọ́. Ẹgba ọmọ lẹjọ́. Mo ní kí ọmọ wọ inú ìsọ̀ wá bá mi, bí gbogbo ọmọ ti máa ń wọlé. Ni bàbá rẹ̀ bá já dé láti àdúgbò Poudrière níbi tó ti ń kan àga, ó ní òun ni òun máa jẹ ẹgba náà. Mítà onígi tí mo fi ń wọn aṣọ ló wà lọ́wọ́ mi. Òun ni mo fi nà án."

"Kí ló wá dé tí inú ń bí ọ? Ìwọ lo ṣáà nà án."

"Baálẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò ti yí padà! Ọmọ Màríámọ̀ fọ́ ìkòkò, ó ní kí ìyá òun lọ kúnlẹ̀ fún òun lọ́dọ̀ Àlàájì. Wọ́n ní demokrasí ti dé, pé àwọn òbí náà á máa jẹ nínú ẹgba. Àwọn òbí ò mú ọmọ wá bá mi mọ́, ẹ̀rù ń bà wọ́n pé àwọn ni màá nà. Mo fẹ́ kí Baálẹ̀ pàṣẹ kí wọ́n mú ọmọ náà wá sínú ìsọ̀ mi, kí n ti ilẹ̀kùn, kí n na ẹni tó yẹ kí n nà. Kí ayé lè mọ̀ pé ọmọdé ni mo máa ń nà, n kì í na díákónì."

Ojú méjì ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Ṣùgbọ́n ní Yantala, igba ojú yẹn ti gbé iṣẹ́ wọn lé Àlàájì Nùrẹ́nì lọ́wọ́. Ọmọ tó bá mú ẹran nínú ìkòkò, ọmọ tó bá sá nílé ìwé lẹ́kọ́ọ̀lù, ọmọ tó bá bú àgbà, ìsọ̀ Àlàájì ni. Àlàájì á mú kòbókò tó fi kọ́ sẹ́nu ọ̀nà, á ti ilẹ̀kùn. Àwọn tó wà níta á gbọ́ kòbókò, wọ́n á gbọ́ igbe. Ọmọ á jáde, á máa nu ojú. Òbí á dúpẹ́, á mú ọmọ rẹ̀ lọ.

Ohun tí Mọ́rìlíátù mọ̀ rèé. Ó wọ inú ìsọ̀ náà láti ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn nígbà kan láti mú òwú, ó bá ọkọ rẹ̀ tó ń na ìdì aṣọ kan ní ànàdójú ikú. Sùmáyà, àkọ́bí wọn, jókòó sórí àpótí, ó ń mu súìtì. Bí kòbókò bá ti balẹ̀ lára ìdì aṣọ, Sùmáyà á yọ súìtì lẹ́nu, á ké "Yéè! Mi ò ní ṣe é mọ́!" á sì dá súìtì padà.

"Ọwọ́ mi kì í gbé e," ni Àlàájì sọ fún un lọ́jọ́ náà, tí omi fẹ́rẹ̀ẹ́ dà lójú rẹ̀. "Mo ti gbìyànjú. Bí mo bá ti rí ojú ọmọ báyìí, ọwọ́ mi á kú. Jọ̀ọ́, ìyá Sùmáyà, bò mí láṣìírí."

Ó bò ó. Àwọn ọmọ náà bò ó, nítorí ọmọ wo ni yóò tú irú àṣírí bẹ́ẹ̀? Láti ìgbà náà, ìdì aṣọ ló ń jẹ ẹgba gbogbo ọmọ Yorùbá ní Yantala. Nínú gbogbo ẹ̀dá alààyè, Díákónì Adékànmí nìkan ni Àlàájì Nùrẹ́nì nà rí.

"Díákónì," ni Baálẹ̀ wí, "ṣé bó ṣe rí nìyẹn?"

"Bó ṣe rí ni, Baálẹ̀. Inú mi sì dùn sí i."

"Inú rẹ dùn sí ẹgba?"

"Baálẹ̀, ọmọ tí Ọlọ́run fi jíǹkí mi, n kò lè nà án, n kò sì lè jẹ́ kí wọ́n nà án. Nígbà tí èmi alára ṣẹ̀, Ọlọ́run kò na èmi. Jésù ló fi ẹ̀yìn tirẹ̀ gbà á. Ẹni tí wọ́n dárí jì báyẹn, báwo ni yóò ṣe délé kó máa wá pàṣán kiri? Ìfẹ́ òbí tí kò lè jìyà fún ọmọ, ìfẹ́ orí ahọ́n ni."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí Mọ́rìlíátù. Ó bojú wo ọmọ náà níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Josephine ìyá rẹ̀, ó rí i pé kò dùn létí ọmọ.

"Bíbélì yín náà mẹ́nu ba ọ̀pá fún ọmọ," ni Ọ̀tún wí. "Mo gbọ́ ọ nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn pásítọ̀ yín. Ẹ ò jẹ́ ká sùn."

"Ọ̀pá olùṣọ́-àgùntàn ni, Ọ̀tún. Wọ́n fi ń darí àgùntàn ni, wọn kì í fi nà án."

"O ti da àgùntàn rí?"

"Rárá o. Káfíńtà ni mí."

Wọ́n pe ẹlẹ́rìí. Boubacar ló kọ́kọ́ wọlé, ọmọ Zarma tó ń tún ọ̀kadà ṣe níwájú agbo ilé náà, tó kọ́ Yorùbá nínú àríyànjiyàn pẹ̀lú àwọn oníbàárà rẹ̀.

"Boubacar," ni Ọ̀tún wí, "ẹ̀yin lẹ ní ẹran. Ṣé wọ́n ń na àgùntàn ni, àbí wọn kì í nà án?"

"Wallahi, bàbá mi da àgùntàn títí ó fi kú. Ó máa ń nà wọ́n."

Ọ̀tún na ọwọ́ sí Díákónì. "Ẹ gbọ́ bí!"

"Ó nà wọ́n, nà wọ́n, títí wọ́n fi sá lọ bá àgùntàn ẹlòmíràn. Bí mo ṣe di ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe nìyẹn."

Ọ̀tún ká ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Kí lo rí lọ́jọ́ náà?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Àlàájì ń na Díákónì. Díákónì ń kọrin. Orin ṣọ́ọ̀ṣì. Ó dùn, mo gbé sípánà sílẹ̀."

"Orin kẹ̀?" Màríámọ̀, tó ń ta fúrá lójúde náà, ti wọlé kí wọ́n tó pè é. "Igbe ni, Baálẹ̀! Ó ń ké bí aboyún tó ń rọbí!"

"Orin ni."

"Boubacar, mélòó lo gbọ́ nínú Yorùbá tó o fi mọ orin?"

"Igbe kò ní èdè, Màríámọ̀. Mo ní orin ni."

"Àlàájì ló tún fa ẹ̀wù rẹ̀ ya!"

"Irọ́! Ó bọ́ ọ fúnra rẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e lé orí ẹ́ńjìnnì tí mò ń tú. Òróró ṣì wà lára rẹ̀."

"Ìwọ ọmọ aláìlágùntàn yìí!"

"Ó tó!" ni Baálẹ̀ wí. "Díákónì, ìwọ lo ni ẹnu. Orin ni àbí igbe?"

Adékànmí ro ó wò, nítorí kì í purọ́. "Baálẹ̀, ẹsẹ kìíní jẹ́ orin. Nígbà tó kan ègbè, ó di igbe."

Wọ́n lé àwọn ẹlẹ́rìí méjèèjì jáde. Ìjà wọn ń bá a lọ lábẹ́ fèrèsé.

"Ìyá Ìmọ̀," ni Ìyálóde wí, "ìwọ ńkọ́? Ṣé ìwọ náà kì í na ọmọ?"

Josephine wo ọkọ rẹ̀, ó wo ilẹ̀. "Ìyálóde, onígbàgbọ́ ni mí. N kì í nà án."

"Rárá rárá?"

"Nígbà mìíràn, bàtà mi a máa bọ́ lẹ́sẹ̀ mi. Bó bá ti bọ́ báyẹn, ó lè lọ bà á."

"Josephine!" ni Adékànmí ké.

"Ẹ dákẹ́, Bàbá Ìmọ̀. Ẹ̀yin ń jáde lọ Poudrière láàárọ̀, ẹ ó fi ìfẹ́ sílẹ̀ fún mi nílé pẹ̀lú ọmọ tó ń gun orí kọ́bọ́ọ̀dù!"

Ẹ̀rín bẹ́ nínú yàrá, ó sì bẹ́ lábẹ́ fèrèsé. Ọ̀tún kò rẹ́rìn-ín. Ó dìde, ó tún agbádá rẹ̀ ṣe.

"Baálẹ̀, a ti ṣeré tó. Gbogbo yín mọ Lùkúmàn ọmọ mi. Ìgárá ni, kò sí ohun tí kì í gbé. Lónìí, ó ń kọ́ ọmọ ènìyàn ní ìṣirò ní lísè, ilé ẹ̀kọ́ girama. Kí ló sọ ọ́ di ènìyàn? Kòbókò Àlàájì! Kí ọmọ yìí jẹ ẹgba tirẹ̀. Kí ó sì jẹ ẹ́ níbí, lójú wa, kí gbogbo èrò tó wà níta gbọ́, kí ọ̀rọ̀ òbí tó ń kúnlẹ̀ yìí lè tán ní Yantala."

Àwọn ìgbìmọ̀ mi orí. Baálẹ̀ náà mi orí. "Ọ̀rọ̀ Ọ̀tún wọlé. Àlàájì, ẹgba lo bèèrè, a ti fún ọ."

Òógùn yọ níwájú orí Àlàájì Nùrẹ́nì, nínú òtútù ọyẹ́ tí gbogbo ènìyàn ń gbọ̀n sí. "Níbí, Baálẹ̀? Ìsọ̀ mi ló dára jù. Kò sí ààyè ọwọ́ níbí."

"A ó sún àga."

"Kòbókò mi ò sí lọ́wọ́ mi."

Ọ̀tún ki ọwọ́ sábẹ́ agbádá, ó fa kòbókò yọ. "Mo yà mú un lẹ́nu ìsọ̀ rẹ. Mo mọ̀ pé a ó nílò rẹ̀."

Adékànmí ti bẹ̀rẹ̀ sí í tú bọ́tìnnì.

"Díákónì," ni Baálẹ̀ wí, "wọ ẹ̀wù rẹ. Ẹ̀yìn rẹ ti sú wa."

Àwọn ọkùnrin méjì di Adékànmí mú. Josephine bú sẹ́kún. Wọ́n mú ọmọ náà wá sáàárín yàrá. Ọmọ kékeré ni, eyín iwájú rẹ̀ kan ti ká.

"Ẹ dúró ná," ni Ìyálóde wí. "Ta ló ti bi ọmọ yìí léèrè ohun tó fi aṣọ náà ṣe?"

Olùpẹ̀jọ́ wo olùjẹ́jọ́. Olùjẹ́jọ́ wo ìyàwó rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ wo ilẹ̀.

"Wá, ọmọ mi. Kí lo fi ṣe?"

"Mo fi wé Jésù," ni Ìmọ̀olúwa wí.

"Jésù wo?"

"Èyí tí bàbá mi fi igi gbẹ́ fún Kérésìmesì. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí koríko ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọn ò wọ̀ ọ́ láṣọ. Ọyẹ́ sì ń fẹ́."

"Ṣùgbọ́n igi ni."

"Mo mọ̀ pé igi ni, mà. Òtútù ń mú un."

Ìyálóde ló tún bèèrè ohun tó wà lọ́kàn gbogbo oníṣòwò aṣọ tó jókòó níbẹ̀: "Kí ló dé tó fi jẹ́ àárín lo gé?"

"Etí rẹ̀ le, mà. Ó lè ha á lára."

Mọ́rìlíátù rí i tí ọkọ òun gbé ojú kúrò lára ọmọ náà, tó ń wo àjà.

"Nígbà tí wọ́n wá ń na bàbá rẹ ńkọ́?"

"Ó ń dùn mí. Mo ní kó dìde, mo ní kí wọ́n nà mí. Ó ní kí n dákẹ́, pé òun ń fẹ́ràn mi ni."

Adékànmí, tó ń bá àwọn tó dì í mú jà, dáwọ́ ìjà dúró.

"Ẹnu dídùn," ni Ọ̀tún wí. "Síbẹ̀ ó mú ohun tí kì í ṣe tirẹ̀. Àlàájì, ọwọ́ dà?"

Níta, wọ́n ti gbọ́ pé ẹgba ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ariwo ta: "Àlàájì! Àlàájì!" Nùrẹ́nì gba kòbókò lọ́wọ́ Ọ̀tún, ó gbé e sókè. Ọmọ náà di ojú.

Bí ìyá Sùmáyà bá dákẹ́, ọkọ rẹ̀ lè na ọmọ yìí lóòótọ́, nítorí èrò ti pé lé e lórí bíi ti ọjọ́ Díákónì, ọ̀pá kò sì ní jẹ́ tirẹ̀ mọ́. Bó bá sọ̀rọ̀, ọkọ rẹ̀ kò ní lè gbé ojú sókè ní Niamey títí wọn ó fi sin ín. Ó wo ọwọ́ tó gbé kòbókò.

Ó dìde. "Ẹ ti ilẹ̀kùn."

"Mọ́rìlíátù," ni Àlàájì wí jẹ́ẹ́, "jókòó."

"Bàbá Sùmáyà, ẹ forí jì mí. Mo ti bò yín títí. Baálẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti ilẹ̀kùn."

Wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé méjèèjì. Ó kúnlẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́ẹ́ rò ó délẹ̀: ìdì aṣọ, àpótí, súìtì, igbe. Bó ti ń sọ ọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn ìgbìmọ̀ ń rántí ọmọ tirẹ̀ tó ti fà lọ sí ìsọ̀ yẹn, ẹnu wọn sì ń là díẹ̀díẹ̀.

"Kò na ẹnikẹ́ni rí?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

"Díákónì nìkan, Baálẹ̀."

Ọ̀tún di orí àga mú. "Lùkúmàn mi ńkọ́?"

"Lùkúmàn ló mọ igbe í ké jù, Ọ̀tún. Òun ló kọ́ àwọn tó kù."

"Gbogbo ìgbà tí mo mú un lọ?"

"Gbogbo rẹ̀, sà."

"Ó ṣáà di tíṣà!"

"Ó di tíṣà lóòótọ́, sà. Kò sẹ́ni tó nà án."

Ọ̀tún jókòó. Àlàájì ti dojú bolẹ̀, kòbókò sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Baálẹ̀," ni Nùrẹ́nì wí láti ilẹ̀, "bí wọ́n bá fi ọmọ náà sílẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá ti ilẹ̀kùn, ǹ bá na ìdì aṣọ, ì bá tán síbẹ̀. Ọkùnrin yìí ló wá fi ìfẹ́ tirẹ̀ ba tèmi jẹ́."

Baálẹ̀ fi ọwọ́ nu ojú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń nù ni àbí nǹkan mìíràn. Ó gbé ìdájọ́ kalẹ̀, ó ní:

"Adékànmí, ìwọ la ó kọ́kọ́ dá lẹ́bi. O ṣetán láti jẹ ẹgba fún ọmọ rẹ. Bí wọ́n bá ní kí o kú fún un, o ó kú, mo gbà. Ṣùgbọ́n o kò ṣetán láti bi í ní ìbéèrè kan. Ọmọ ń sọ fún ọ pé ó ń dun òun, o ní kó dákẹ́ kó jẹ́ kí o fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ rẹ ní ẹ̀yìn, kò ní etí. Láti òní lọ, a fòfin dè ọ́: o kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹgba ẹlòmíràn mọ́ láti Yantala títí dé ọjà Petit Marché láìgba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ mi. Bí ìyà bá ń wù ọ́ jẹ, wá bá mi tún ilẹ̀kùn ààfin ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Lálaalẹ́, kí o tó lọ sí ìpàdé àdúrà kankan, wàá jókòó ti ọmọ rẹ, wàá sì gbọ́ ohun tó bá sọ, ì báà jẹ́ ti ọmọ onígi.

"Josephine, ra bàtà tó mọ ẹsẹ̀ rẹ.

"Ìmọ̀olúwa, aṣọ tó lu yẹn, ọ̀dọ̀ Mọ́rìlíátù ni wàá ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ etí rẹ̀ tí kò fi ní ha ẹnikẹ́ni lára. Ẹ ó gé e ní ọ̀já fún gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ní àdúgbò yìí títí yóò fi tán. Nígbà mìíràn, kí o tó mú àlùmọ́gàjí, béèrè. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, sà."

"Àlàájì Nùrẹ́nì, dìde. O ti tàn wá jẹ gidigidi. O ti gba ọpẹ́ wa lórí iṣẹ́ tí o kò ṣe. Ìyà tó tọ́ sí ọ ni pé wàá máa ṣe é lọ. Wàá máa gba ọmọ wọlé, wàá máa ti ilẹ̀kùn. Ṣùgbọ́n kí kòbókò tó ba ìdì aṣọ, wàá kọ́kọ́ bi ọmọ náà pé kí ló dé."

"Baálẹ̀," ni ọ̀kan nínú ìgbìmọ̀ wí, "àwọn tó wà níta ń retí igbe. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, àṣírí ti tú nìyẹn."

"Igbe ni wọn ó gbọ́." Baálẹ̀ fi ẹsẹ̀ ti tìmùtìmù aláwọ tó máa ń gbé ẹsẹ̀ lé síwájú Àlàájì. "Na eléyìí. Gbogbo wa la ó ké."

"N kò lè bá wọn purọ́," ni Adékànmí wí. "Díákónì ni mí."

"Ta ló ní kí o purọ́? Mo ní kí o ké. Ṣé o rò pé ohun tó yẹ ká ké sí kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí?"

Kòbókò ba tìmùtìmù. "Yéè!" ni Ìyálóde ké. "Mo gbé o!" ni Baálẹ̀ ké, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò lórí ìjókòó rẹ̀. Ti Adékànmí tún fẹ́ máa yọrí sí orin, Josephine tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sì di igbe. Ìmọ̀olúwa ti ki orí bọ inú ìbòrí Mọ́rìlíátù, ó ń rẹ́rìn-ín débi pé èjìká rẹ̀ ń mì. Níta, gbogbo ariwo ti rọlẹ̀. Wọ́n ń gbọ́ Boubacar tó ń sọ ọ́ lédè Zarma pé kí Ọlọ́run fún ọmọ náà ní sùúrù.

"Ó tó," ni Baálẹ̀ wí.

Gbogbo wọn dákẹ́. Ọ̀tún Àmúdà kò dákẹ́.

Ó ti fi fìlà bo ojú. "Mi ò ní ṣe é mọ́," ló ń wí. "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, mi ò ní ṣe é mọ́."

"Ọ̀tún, ó ti tán," ni Ìyálóde wí. "Wọ́n ti ṣíwọ́."

Kò gbọ́. Àlàájì gbé kòbókò sílẹ̀, ó lọ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ ra á lẹ́yìn bí ẹni ń rẹ ìkókó.

"Ẹ fi í sílẹ̀ kó ké e tán," ni Baálẹ̀ wí. "Ẹjọ́ tirẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó fi mí joyè."

Lábẹ́ fèrèsé, wọ́n gbọ́ ohùn Màríámọ̀ tó ń sọ fún gbogbo èrò pé, "Ẹgba Àlàájì yìí mà le o! Ẹ ò gbọ́ bó ṣe sọ ohùn ọmọdé di ti arúgbó!"